Iyanrìn Tí Ń Rìn: Ìtàn Ẹnu Ọ̀sà Èkó

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí a bá bi ènìyàn léèrè pé kí ni ó sọ Èkó di ìlú ńlá, ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn pé òwò ni. Àwọn mìíràn yóò ní ìjọba Òyìnbó ni. Àwọn ọmọ Èkó gidi yóò sì ní ọgbọ́n àwọn baba àwọn ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan ti wà níbẹ̀ kí ọba kankan tó gun orí ìtẹ́ ní Ìgà Ìdúngànràn. Ohun náà ni ẹnu kan ṣoṣo tí ó là sí ara etí òkun, níbi tí omi ọ̀sà ti ń rí ọ̀nà jáde. Ìtàn ẹnu ọ̀sà yìí ni mo fẹ́ sọ fún yín, àti ìtàn iyanrìn tí ó ń fẹ́ dí i láti ìgbà láéláé.

Ẹ ṣí máàpù etí òkun wa wò. Láti ìhà Kútọnu títí dé Èkó, àti láti Èkó lọ sí ìhà Lẹ́kí, etí òkun náà gún régé bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Kò sí òkè tí ó yọrí sínú omi, kò sí àpáta kankan. Iyanrìn ni, iyanrìn náà sì ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iyanrìn yìí, omi mìíràn wà tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, òun ni ọ̀sà. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Àjàṣẹ́ lè gba Àgbádárìgì wá sí Èkó, kí ó sì ti Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí, kí ìgbì òkun má sì kàn án lára rárá. Inú omi yìí ni odò Yewa, odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun ń da omi wọn sí. Nígbà òjò, omi tútù láti òkè á borí, iyọ̀ inú ọ̀sà á sì dínkù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á wọlé, iyọ̀ á sì padà. Àwọn apẹja mọ èyí dáadáa, nítorí pé ẹja tí wọ́n ń pa ní oṣù Kẹsàn-án kọ́ ni wọ́n ń pa ní oṣù Kejì.

Gbogbo omi yìí gbọ́dọ̀ rí ibi jáde. Ní gbogbo ọ̀nà jíjìn tí mo kà sílẹ̀ yìí, Èkó nìkan ni ibi tí ẹnu ọ̀sà kì í tì pa láti ọdún dé ọdún. Ti Kútọnu tí ẹ ń rí lónìí, àwọn Faransé ni wọ́n la iyanrìn ibẹ̀ ní ọdún 1885, kí omi tí ó ń bo ìlú lè rí ọ̀nà lọ. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ti òkun wọ ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú ọkọ̀ ẹlẹ́rù, tàbí tí ó fẹ́ kó ẹrù ilẹ̀ Yorùbá jáde, ojú rẹ̀ kò lè kúrò ní Èkó.

Bí iyanrìn náà ṣe dé ibẹ̀, ìtàn àtayébáyé ni. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, yìnyín bo apá ńlá ní àríwá ayé, omi tí ó di yìnyín náà kò sì padà sínú òkun. Òkun fà sẹ́yìn, ó sì rẹlẹ̀ ju ti òní lọ ní nǹkan bí 120 mítà. Ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń dúró de èbúté lónìí, ilẹ̀ gbígbẹ ni nígbà náà. Àwọn odò wa sì ń rìn jìnnà síwájú kí wọ́n tó bá òkun pàdé. Nígbà tí yìnyín yọ́, òkun padà wá díẹ̀díẹ̀, ó sì tó nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn kí ó tó dúró sí ìwọ̀n tí ó sún mọ́ ti òní. Láti ìgbà náà ni ìgbì ti ń kó iyanrìn jọ bí àgbẹ̀ tí ń kọ èbè, èbè kan lẹ́yìn èkejì. Ìkòyí, Victoria Island, Lẹ́kí, orí èbè wọ̀nyí ni gbogbo wọn jókòó sí. Ẹni tí ó bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé níbẹ̀, kò ní retí àpáta. Iyanrìn ni yóò máa kó títí omi yóò fi sun sí i lẹ́sẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iyanrìn etí òkun jókòó sójú kan. Kò jókòó o. Ìrìn-àjò ni ó wà. Bí ẹ bá dé etí òkun, ẹ ju èèpo àgbọn kan sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, kí ẹ sì dúró wò ó. Ìgbì kì í kọjú sí ilẹ̀ gán-an ní ọ̀dọ̀ wa. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ó ti ń wá, láti inú agbami, níbi tí ìjì ti ń jà ní ọ̀nà tí ó jìn sí wa púpọ̀. Nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ni ó fi ń gun ilẹ̀. Yóò gbé èèpo àgbọn náà gòkè, yóò sì fì í díẹ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn. Nígbà tí omi bá ń padà, tààrà ni yóò sọ̀ kalẹ̀. Ìgbì kejì yóò tún gbé e gòkè, yóò tún fì í síwájú. Kí ẹ tó jẹ ẹ̀pà tí ẹ mú lọ́wọ́ tán, èèpo náà ti fi yín sílẹ̀, ó ń lọ sí ìhà Lẹ́kí. Bí ó ti ń ṣe èèpo àgbọn ni ó ń ṣe iyanrìn, hóró kọ̀ọ̀kan, lọ́sàn-án àti lóru, Sátidé àti Sọ́ńdè.

Kí ẹ lè mọ bí ẹrù náà ti pọ̀ tó, ẹ fojú inú wo àpótí kan tí ó gùn ní mítà kan, tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì jìn ní mítà kan, tí a wá fi iyanrìn kún dé ẹnu. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò pé iyanrìn tí ìgbì ń kó kọjá níwájú Èkó lọ́dọọdún ju 500,000 irú àpótí bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìjọba tí ó ń san owó iṣẹ́ fún un.

Nígbà tí iyanrìn arìnrìn-àjò yìí bá dé ẹnu ọ̀sà, ìjà ni. Ìgbì ń fẹ́ kó o kọjá ẹnu náà, kí ó sì dí i pa bí ó ti dí ti àwọn ibi mìíràn. Omi ọ̀sà, pàápàá nígbà òjò àti nígbà tí òkun bá ń fà, ń tú jáde pẹ̀lú agbára, ó sì ń ti iyanrìn náà padà sínú òkun. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ́gun. Wọ́n dà bí ìyá oníṣọ́ọ̀bù tí ń gbá ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé ìdọ̀tí padà bọ̀. Ibi tí agbára méjèèjì ti pàdé, iyanrìn jókòó sí ìsàlẹ̀ omi, ó sì di òkìtì gbọọrọ tí ó dábùú ẹnu ọ̀nà. Òkìtì yìí ni àwọn atukọ̀ Òyìnbó ń pè ní Bar, òun náà ni a sì fi sọ orúkọ Bar Beach. Ìkún àti ìfà òkun ní Èkó kò ju nǹkan bí mítà kan lọ, nítorí náà omi kò ní agbára tó láti fọ òkìtì náà dànù. Ní ayé àtijọ́, omi orí rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ, kì í sì í dúró sójú kan: ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà wọlé lọ́dún yìí lè má sí níbẹ̀ mọ́ lọ́dún tí ń bọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí òkìtì yìí, nítorí pé ó lọ́wọ́ nínú ìtàn wa ju bí ìwé ìtàn ilé ìwé ti ń sọ lọ. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé àwọn ẹrú gbà nínú ọkọ̀ kékeré lọ bá ọkọ̀ ńlá tí ó dúró ní ìta, tí àkùrákùdà sì ń yí ká nínú omi. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọmọkùnrin kan láti Òṣogùn, Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, wà nínú ọkọ̀ ẹrú tí ó ṣí kúrò ní Èkó. Ọkọ̀ ogun Òyìnbó gba àwọn ènìyàn inú ọkọ̀ náà sílẹ̀ lójú òkun, ọmọ náà ni ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀ bá ara wọn ní Bàháyà àti ní Kúbà. Ohun tí wọ́n rí kẹ́yìn ní ilẹ̀ baba wọn ni ìgbì funfun tí ń fọ́ lórí òkìtì iyanrìn yẹn.

Òkìtì kan náà sì tún ń ṣọ́ Èkó. Nígbà tí àwọn Òyìnbó wá bá Ọba Kòsọ́kọ́ jà ní àsìkò ọdún Kérésìmesì, ọdún 1851, ọkọ̀ ogun ńlá wọn tí ń jẹ́ Penelope kò lè wọlé. Ìta ni ó dúró sí bí àlejò tí a kò ṣílẹ̀kùn fún. Àwọn ọkọ̀ tí ó kéré, Bloodhound àti Teaser, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ alájẹ̀, ni ó rọ́nà gòkè. Teaser pàápàá gúnlẹ̀ nínú ọ̀sà, abẹ́ ìbọn àwọn ará Èkó ni ó sì wà títí wọ́n fi rí i yọ. Ìbọn Òyìnbó ni ó borí ní ìkẹyìn, a kò lè sẹ́ èyí; ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1861, Èkó kúrò lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gba ìlú náà rí i kíákíá pé gbígba ìlú ọ̀tọ̀, wíwọ ìlú ọ̀tọ̀.

Fún ohun tí ó ju 50 ọdún lọ lẹ́yìn náà, ìta òkìtì ni ọkọ̀ ńlá ń dúró sí. Àwọn èrò yóò wọnú àpótí onígi kan tí a so okùn mọ́, ẹ̀rọ yóò gbé wọn sókè kúrò lórí ọkọ̀ ńlá, yóò sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sínú ọkọ̀ alájẹ̀ tí ń fò sókè sódò lórí omi. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń gúnlẹ̀ sí ibi tí wọ́n fẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá kọ̀ láti dúró rárá, yóò kó ẹrù Èkó lọ sí Forcados, ní ẹsẹ̀ odò Ọya, kí ọkọ̀ kékeré tó tún kó o padà wá. Ẹ ronú owó tí ìyẹn ń ná oníṣòwò: epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ láti ilẹ̀ Yorùbá lọ rìn ní Ìsàlẹ̀ Ọya kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò Liverpool!

Ní ọdún 1892, nígbà tí Gilbert Carter jẹ́ gómìnà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Coode ti Lọ́ńdọ̀nù fi ìwé sílẹ̀ lórí bí a ṣe lè ṣí ẹnu ọ̀sà náà. Èrò wọn kò ṣòro láti lóye. Bí a bá mọ odi òkúta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu náà, tí a sì nà wọ́n wọ inú òkun, odi ìwọ̀-oòrùn yóò dá iyanrìn dúró kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà, odi méjèèjì yóò sì há omi ọ̀sà mọ́ àárín, kí ó lè máa sáré kí ó sì gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ti rí i rí nígbà tí ẹ bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà omi díẹ̀: omi tí ó ń ṣàn jẹ́jẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta jáde.

Owó ni kò sí. Ìwé náà wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1906, wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà. Nínú ìwé ilé ìwé, gbólóhùn kan ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ní tèmi, mo rò pé ó yẹ kí a sọ ọ́ gbangba pé owó orí òwò epo àwọn ará Ìsàlẹ̀ Ọya ni wọ́n ń wò kí rélùwéè àti èbúté Èkó lè rí owó. Ní ọdún 1907, ọkọ̀ awayanrìn kan tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà Walter Egerton sọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ òkìtì náà. Ní ọdún 1908, òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú òkun.

Níbo ni a ti rí òkúta ní Èkó? Mo ti sọ pé kò sí. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti gbé e wá, láti ibi ìfọ́ òkúta ní Arò. Ojú irin tí ó ti dé Abẹ́òkúta láti ọdún 1898 ni ó kó o wá sí etí omi. Nítorí náà bí ọmọ Ẹ̀gbá bá dúró ní ẹnu ọ̀nà òkun Èkó, kí ó mọ̀ pé ìbátan Olúmọ ni òkúta tí ó ń wò nínú omi yẹn. Òkúta tí àwọn baba rẹ̀ sá sí abẹ́ rẹ̀ nígbà ogun ni ẹbí rẹ̀ wá ń bá ìgbì jà ní ọ̀nà tí ó ju 60 máìlì lọ sí ilé.

Iṣẹ́ náà yọrí. Omi jìn sí i lọ́dọọdún, nígbà tí ó sì di ọdún 1914, ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọnú ọ̀sà Èkó. Àpótí onígi àti okùn di ìtàn. Ní ọdún 1926, ọkọ̀ ńlá ń so mọ́ èbúté Àpápá, kòkó láti Ìbàdàn àti Oǹdó sì ń ti inú rélùwéè bọ́ sínú ọkọ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé odi òkúta wọ̀nyẹn kò ṣe ilẹ̀ Yorùbá lóore kò sọ òtítọ́. Ilé ìwé púpọ̀, ilé páànù púpọ̀, ọmọ púpọ̀ tí ó lọ kàwé ní ìlú Òyìnbó, orí kòkó tí ó gba àárín odi méjèèjì kọjá ni owó wọn ti wá.

Ṣùgbọ́n odi kò pa iyanrìn. Ó kàn dá a dúró ni. Ìgbì kò mọ̀ pé Òyìnbó ti mọ odi. Ní ìwọ̀-oòrùn, iyanrìn tí ń bọ̀ láti ìhà Àgbádárìgì dé ibi odi, kò rí ọ̀nà, ó sì jókòó. Ọdún dé, ọdún lọ, ilẹ̀ tuntun ń yọ níbẹ̀. Ní ìlà-oòrùn, lójú Victoria Beach, ìgbì ń kó iyanrìn lọ sí ìhà Lẹ́kí bí ó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n iyanrìn mìíràn kò dé mọ́ láti rọ́pò rẹ̀. Ilé tí ń náwó lójoojúmọ́ tí owó kò sì wọlé, ẹ mọ bí ó ṣe ń rí. Láàárín ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí nǹkan bí ọdún 1960, etí òkun lẹ́bàá odi ìlà-oòrùn ti sún wọ inú ilẹ̀ ní ohun tí ó ju kìlómítà kan lọ. Ní ọdún mìíràn, ó ń jẹ 20 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan náà tí ó ṣílẹ̀kùn Èkó ni ó gbé àwo oúnjẹ kúrò níwájú Victoria Beach.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí rí nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí mo ya odi méjèèjì sára pátákó: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ó ni iyanrìn náà gan-an?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé n kò tíì rí ìwé òfin tí ó dáhùn rẹ̀. Iyanrìn tí ó jókòó ní ìwọ̀-oòrùn, ṣé ti ẹni tí ó mọ odi ni, tàbí ti ilẹ̀ tí ó ń bọ́ láti ìgbà láéláé?

Ìjọba kò káwọ́ gbera. Láti ọdún 1958 sí 1960, wọ́n da iyanrìn tí wọ́n wà nínú ọ̀nà ọkọ̀ sí ìdí odi ìlà-oòrùn. Láti 1960 títí dé nǹkan bí 1968, ẹ̀rọ kan wà lórí odi náà tí ń fa iyanrìn tí ó sì ń fẹ́ ẹ jáde sí Victoria Beach. Ní tèmi, ẹ̀rọ yìí ni ọgbọ́n tí ó tọ̀nà jù nínú gbogbo ohun tí a ti ṣe, nítorí pé iṣẹ́ tí odi gbà lọ́wọ́ ìgbì ni ó ń fi irin ṣe. Nígbà tí ó dákẹ́, a padà sí fífún etí òkun ní oúnjẹ nígbà tí ebi bá ti fẹ́ pa á: ní 1974 sí 1975, nǹkan bí 3,000,000 nínú àwọn àpótí tí mo fi ṣe àpèjúwe, ní 1981, 2,000,000, ní 1985 sí 1986, 3,000,000 mìíràn, ní 1990 sí 1991, 5,000,000. Ẹ wo bí ó ti pọ̀ tó. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá kó o dé, àwọn ará Èkó á dúpẹ́, wọn á sì máa ṣeré lórí rẹ̀. Nígbà tí ó bá tó ọdún mélòó kan, òkun á ti kó o lọ. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní ilé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n onílé tí ń ra iyanrìn lẹ́ẹ̀kan ní ọdún márùn-ún, àgbàrá tí ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ni ó ń bá díje.

Ní àárín gbogbo èyí, ẹ má ṣe rò pé Bar Beach jẹ́ aṣálẹ̀. Àwọn aláṣọ funfun ń gbàdúrà níbẹ̀ pẹ̀lú agogo àti àbẹ́là. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ ṣe fàájì níbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Láti ọdún 1971, ibẹ̀ náà ni ìjọba ológun ti ń yìnbọn pa àwọn adigunjalè lójú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Gbogbo ẹsẹ̀ tí ó tẹ iyanrìn yẹn, lórí iyanrìn àlejò ni wọ́n dúró sí, èyí tí ọkọ̀ kó wá.

Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n kún àbàtà Victoria Island, ilé ìjọba, ilé báńkì àti ilé àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè sì gòkè níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni Maroko wà, ìlú àwọn tálákà. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wó o palẹ̀. Ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n sọ ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ jù, òkun lè bò ó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé kó ẹrù jáde láìní ibi tí wọn yóò lọ. Lónìí, ilé àwọn olówó ni ó wà lórí ilẹ̀ náà. Ìlà-oòrùn odi ni gbogbo wọn, olówó àti tálákà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ta ni yóò sá fún òkun, a mọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí ó dìde.

Ní ọdún 2006, wọ́n to òkúta kọnkéré sí iwájú Bar Beach, nítorí pé omi ti ń gun títì. Lẹ́yìn náà ni èrò ńlá dé. Láti nǹkan bí ọdún 2009, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn sínú òkun láti fi tún ilẹ̀ tí òkun gbé lọ yọ, kí a lè kọ́ ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic sórí rẹ̀. Odi kan tí wọ́n ṣètò pé yóò gùn tó kìlómítà 8.5 ni yóò dáàbò bò ó, òkúta inú pẹ̀lú ìdì kọnkéré lóde, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó tọ́ọ̀nù 5. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà sọ pé ibi tí etí òkun wà ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn ni àwọn ń dá ilẹ̀ padà sí. Mo gbà pé òtítọ́ ni, iṣẹ́ àrà sì ni lójú ẹni tí ó bá mọ ohun tí ìgbì ń ṣe. Bar Beach tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà lábẹ́ iyanrìn ìlú tuntun náà báyìí.

Ẹ wá rántí èèpo àgbọn wa. Ìgbì tí ó bá kọjá níwájú odi tuntun kò ní iyanrìn tí yóò kó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ebi ṣì ń pa á. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ etí òkun Kúrámọ̀, ní ìlà-oòrùn ibẹ̀ gan-an, ó gbé àwọn ilé onípákó lọ, ẹ̀mí sì ṣòfò. Síwájú díẹ̀ ni Òkun Alfa wà, abúlé àwọn apẹja. Títì, ilé, àti àwọn igi àgbọn ibẹ̀ ti bọ́ sínú omi. Àwọn ará abúlé ní odi tuntun ni ó fà á. Àwọn tí ó mọ odi kò gbà, wọ́n ní òkun ti ń jẹ ibẹ̀ tipẹ́. Ní tèmi, ẹnu méjèèjì sọ ohun kan tí ó jẹ́ òtítọ́: òkun ti ń jẹ ibẹ̀ láti ìgbà odi àkọ́kọ́, ẹni tí ó bá sì tún mọ odi mìíràn sí ẹ̀yìn ẹni tí ebi ń pa kò bu oúnjẹ kún àwo rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti to òkúta wọ inú òkun ní ìlà-oòrùn Eko Atlantic, ọ̀wọ́ kan lẹ́yìn èkejì, láti fi mú iyanrìn dúró. Òkúta bẹ́ẹ̀ a máa ran ibi tí ó wà lọ́wọ́. Ibi tí ó tẹ̀lé èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn, ẹ ti mọ bí yóò ṣe rí.

Kí a má sì rò pé Èkó nìkan ni ó ń ṣe é. Àwa náà wà ní ìlà-oòrùn àwọn ẹlòmíràn. Apá kan nínú iyanrìn etí òkun yìí, odò Volta ní Gánà ni ó ti kó o wá láti ìgbà pípẹ́. Láti ọdún 1965, ìdídò Akosombo ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Ní ọdún 1965 kan náà, èbúté tuntun Kútọnu ti ń ṣiṣẹ́; ti Lomé ní Tógò bẹ̀rẹ̀ ní 1968. Odi ni wọ́n mọ bí tiwa. Ilé ti wó sínú omi ní ìhà Aného ní ìlà-oòrùn Lomé, àti ní àwọn àdúgbò tí ó wà ní ìlà-oòrùn èbúté Kútọnu. Iyanrìn tí ó jókòó sí ẹ̀yìn odi Kútọnu, ọ̀nà Àgbádárìgì àti Èkó ni ó forí lé kí wọ́n tó dá a dúró.

Nínú oṣù Kìíní ọdún 2023, wọ́n ṣí èbúté omi jíjìn ní Lẹ́kí. Ó dára, nítorí pé ọkọ̀ ayé òde òní ti tóbi ju ẹnu ọ̀nà Èkó lọ, Àpápá sì ti há jù. Odi òkúta wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ó nà wọ inú òkun. Ìgbì ṣì ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá. Àwọn abúlé apẹja wà ní etí òkun ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀, tí àwọn obìnrin ń yan ẹja lẹ́yìn ilé, tí wọ́n sì ń fa ọkọ̀ wọn gòkè sórí iyanrìn ní ìrọ̀lẹ́.